Máńdólínì olówó pọ́ọ́kú fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀: A àbí F, páláíwúdù àbí igi gidi, tuntun àbí tòkunbọ̀?

Ẹ̀yin ọmọ Òròkí, ẹ̀yin ará Òṣogbo, kí n tètè sọ ibi tí mo fì sí kẹ́ ẹ má bàa ní mo ń yí ọ̀rọ̀ po. Tó bá jẹ́ pé ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ kọ́ máńdólínì ni, ohun èlò orin kékeré olókùn irin tó fara jọ gìtá yẹn, tówó ò sì fi bẹ́ẹ̀ sí lọ́wọ́, ẹ ra èyí tí wọ́n ń pè ní A, èyí tó rí roboto nísàlẹ̀ tó wá ń tín-ín-rín bọ̀ lókè yẹn, kẹ́ ẹ wá fi owó tó bá ṣẹ́kù wá ẹni tó máa bá yín tún un ṣe kí okùn ẹ̀ lè rọlẹ̀ kó ṣeé tẹ̀. Èyí tó ká lórí èjìká bí ìkarahun ìgbín, ìyẹn F, ó rẹwà lóòótọ́, mi ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn, àmọ́ kíká yẹn ni wọ́n máa gba owó ẹ̀ lọ́wọ́ yín, kì í ṣe ohùn.

Fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ kàn rí i lọ́wọ́ èèyàn lórí YouTube: okùn 8 ló ní, àmọ́ méjì-méjì ni wọ́n tò wọ́n, ohùn kan náà sì ni méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn ń dún, torí ẹ̀ ohùn 4 péré lẹ máa mọ̀, G, D, A, E láti ìsàlẹ̀ bọ̀ sókè. Ohùn fáyólììnì gan-an nìyẹn, kò yà níbì kankan, ìyẹn ni pé ẹni tó bá ń lo fáyólììnì nínú kúáyà ṣọ́ọ̀ṣì yín, ọwọ́ òsì ẹ̀ ti mọ ọ̀nà kó tó gbé máńdólínì rárá, píìkì, ìyẹn ọ̀rá pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń ta okùn, ló kù kó kọ́. Okùn ẹ̀ kúrú, bíi sẹ̀ǹtímítà 35 láti orí ọrùn dé bíríìjì, igi kékeré tó gbé okùn dúró lójú ẹ̀, nígbà tí ti gìtá ń lọ sí bíi 65, nítorí náà àyè fret ẹ̀, àwọn irin tín-ín-rín tó dábùú ọrùn, ṣe tóóró, ọmọdé lè gbá a mú dáadáa, ẹni tí ìka ẹ̀ bá tóbi ló máa kọ́kọ́ bá a jà díẹ̀. Ẹ má sì jẹ́ kí kékeré ẹ̀ tàn yín o. Okùn mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ yẹn, tí wọ́n bá ti fà wọ́n le dé ohùn, agbára tí wọ́n fi ń fa ọrùn àti ojú igi yẹn ju kìlógíráàmù 70 lọ. Ìdí nìyẹn tí èyí tí wọn ò ṣe dáadáa fi ń tẹ̀ lọ́rùn, òun náà ló fà á tí mo fi máa máa tẹnu mọ́ ọrùn ju ojú lọ nínú gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ.

Ṣé kì í ṣe ukulele lẹ̀ ń wá?

Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń sọ pé máńdólínì làwọn fẹ́, tẹ́ ẹ bá bi wọ́n dáadáa, nńkan kékeré tí wọ́n á máa fi kọrin nínú yàrá ni wọ́n ń wá, ukulele sì lorúkọ ìyẹn. Okùn 4 ló ní, okùn ọ̀rá ni, G C E A ni ohùn ẹ̀, kì í dá ìka lóró, kò wọ́n, ó sì rọrùn-ún rí lórí Jumia àti Jiji ju máńdólínì lọ. Ẹni tó bá kàn fẹ́ da kọ́ọ̀dù 3 sábẹ́ orin ìyìn láàárọ̀, kó lọ ra ìyẹn jàre. Àmọ́ ukulele ò lè wọ àárín ìlù. Tí gángan bá ti bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ ìdúpẹ́, tí dírọ́ọ̀mù wọlé, tí kíbọ́ọ̀dù náà wọlé, ẹ ò ní gbọ́ ọ mọ́, nígbà tí máńdólínì á ṣì máa gba àárín wọn kọjá torí irin ni okùn ẹ̀, méjì-méjì ni wọ́n sì ń ké. Òun náà lẹ lè fi máa tẹ̀lé ohùn orin lọ́kọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ máa gbọ̀n píìkì kíákíá sókè sódò lórí okùn kí ohùn má bàa kú, torí máńdólínì tẹ́ ẹ bá ta lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ohùn ẹ̀ kì í pẹ́ tán.

Ẹni tó bá sì sọ fún yín pé nńkan òyìnbó ni, kò bá orin wa mu, ẹ bi í pé kí ló rò pé àwọn bàbá onijùjú ń ta kí gìtá iná tó dé. Ẹ̀yà bánjò ni, Túndé King l'Ékòó láyé 1930 sí 1939, Àyìndé Bákàrè náà ta ukulele-banjo kó tó bọ́ sórí gìtá iná ní 1949. Ẹbí kan náà ni gbogbo wọn.

A àbí F

Orville Gibson, ará Kalamazoo ní Michigan l'Amẹ́ríkà, ló bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ojú àti ẹ̀yìn máńdólínì bí wọ́n ṣe ń gbẹ́ ti fáyólììnì. Wọ́n dá iléeṣẹ́ Gibson sílẹ̀ ní 1902, nígbà tó di 1922 wọ́n gbé F-5 jáde lábẹ́ Lloyd Loar tó ń bá wọn ṣiṣẹ́, F-5 tí wọ́n ṣe ní 1923 sì ni Bill Monroe tó dá bluegrass, orin olókùn àwọn ará Amẹ́ríkà, sílẹ̀ fi di ìlúmọ̀ọ́ká. Látìgbà yẹn ló ti di pé F ló ń wu gbogbo ẹni tó bá gbọ́ bluegrass. Kò burú. Àmọ́ èyí tí Loar fọwọ́ sí àti F tí wọ́n ń tà lówó pọ́ọ́kú báyìí, ìrísí lásán ló pa wọ́n pọ̀.

Ẹ wo Eastman, tí wọ́n ń ṣe tiwọn ní China. MD305 wọn, A ni, MD315, F ni. Igi kan náà ni wọ́n fi ṣe méjèèjì, igi spruce gidi lójú, igi maple gidi lẹ́yìn àti lẹ́gbẹ̀ẹ́, ihò tó rí bíi lẹ́tà f yẹn náà ló wà lára méjèèjì, síbẹ̀ owó MD315 ju ti MD305 lọ dáadáa, torí kíká yẹn nìkan. Ẹ bi káfíńtà èyíkéyìí ní Òkè-Fìà bóyá ó rọrùn láti ká igi báyẹn kó má ya. Ó wá yẹ kẹ́ ẹ bi ara yín pé tí iléeṣẹ́ tó mọṣẹ́ bá ń gba tó yẹn lórí kíká, ẹni tó ń ta F fún yín ní iye tí A ń lọ, níbo ló ti rí owó ẹ̀ gé? Ibòmíì ló ti gé e: ojú igi nípọn jù tí kò fi lè gbọ̀n, ẹnu fret ń ha ọwọ́, kọ́kọ́ tí wọ́n fi ń fa okùn ń yọ̀. Nínú gbogbo ohun tó wà lórí àtẹ, F olówó pọ́ọ́kú ni mo máa ní kẹ́ ẹ sá fún jù. Àǹfààní tí mo gbà fún un ò ju méjì lọ, okùn ìgbékọ́rùn ṣeé so mọ́ kíká yẹn, ṣóńṣó tó wà nísàlẹ̀ ẹ̀ kì í sì í jẹ́ kó yọ̀ kúrò lórí itan tẹ́ ẹ bá jókòó. Okùn ìgbékọ́rùn náà ṣeé so mọ́ orí A lókè, nítorí náà ó ku ẹyọ kan.

Ẹ̀yà kẹta kan wà tó yọ ikùn lẹ́yìn, ti àwọn ará Naples ní Ítálì. Tẹ́ ẹ bá rí i láàárín ẹrù tòkunbọ̀, ẹ yìn ín, ẹ dá a padà. Ó máa ń yọ̀ lórí itan, okùn tó fúyẹ́ nìkan ló lè gbé, ọ̀pọ̀ nínú àwọn àtijọ́ náà ọrùn wọn ti tẹ̀, kò sì sí ohun tó máa ń jẹ́ kó gún mọ́ níye owó tẹ́ ẹ máa fẹ́ ná.

Ní ti ihò, kò yẹ kó gba àkókò: ihò roboto tàbí ti ẹyin ní ohùn tó kún tó sì ń pẹ́ díẹ̀, ó dùn ún gbọ́ nínú yàrá, ihò f ń ké mú-mú, ó sì ń jáde láàárín ìlù. Ẹni tó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, kó gba ihò f. Eastman tiẹ̀ ní méjèèjì, MD304 ni A tó ní ihò ẹyin, ohun yòókù jọra.

Páláíwúdù àbí igi gidi

Ibí ni mo ti máa ń bá àwọn tó ń wo fídíò òyìnbó jiyàn jù, torí gbogbo wọn ló ń sọ pé ẹ má ra páláíwúdù láéláé, ojú igi gidi ni kẹ́ ẹ rà. Òótọ́ ni pé igi gidi dún dáadáa jù, kò sẹ́ni tó lè pè é nírọ́, ọ̀pọ̀ ló sì ní ohùn ẹ̀ ń dùn sí i bẹ́ ẹ ṣe ń lò ó lọ. Àmọ́ àwọn yẹn ò gbé Òṣogbo. Ọyẹ́ tó ń fẹ́ láti bíi Oṣù Kejìlá sí Oṣù Kejì níbí, ètè èèyàn gan-an ló ń là, kí ni ẹ rò pé ó máa ṣe ojú igi tín-ín-rín tí okùn mẹ́jọ ń tẹ̀ mọ́lẹ̀? Nígbà tí òjò bá wá dé, igi yẹn náà á mu omi, á wú, okùn á ga sókè, ohùn á yí. Páláíwúdù, torí pé ìpele-ìpele ni wọ́n lẹ̀ ẹ́ pọ̀, tí ọ̀kan dábùú èkejì, kò fi bẹ́ẹ̀ ń là, kò fi bẹ́ẹ̀ ń wú. Ohùn ẹ̀ ṣe bí ẹni tó di imú díẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń tẹ G ò tíì nílò ohùn tó ń mì yàrá.

Ìdájọ́ tèmi rèé. Tẹ́ ẹ bá ní ibi tẹ́ ẹ lè tọ́jú nńkan sí, àpótí líle, kì í ṣe àpò ọ̀rá, tẹ́ ẹ sì mọ̀ pé lásìkò ọyẹ́ ẹ máa fi kàn-ìn-kàn-ìn tútù sínú ìdérí ọṣẹ tẹ́ ẹ ti lu ihò sí, kẹ́ ẹ tì í sínú àpótí yẹn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọrùn níbi tí omi ò ti ní kan igi, ẹ ra èyí tójú ẹ̀ jẹ́ igi gidi. Tó bá jẹ́ pé ara ògiri lẹ fẹ́ máa fi kọ́, tàbí ọmọ ni ẹ̀ ń rà á fún, páláíwúdù ni kẹ́ ẹ rà kí ọkàn yín balẹ̀. Kò sí èyí tó gba kẹ́ ẹ fi í sínú búùtù mọ́tò ní Ọláìyá lọ́sàn-án Oṣù Kẹta o, gọ́ọ̀mù á yọ́.

Kí ẹni tó ń tà má fi ẹnu tan yín, ẹ wo etí ihò fúnra yín, ibi tí wọ́n ti gé igi. Tí ìlà inú igi tẹ́ ẹ rí lójú bá wọ inú lọ láìdúró, igi gidi ni. Tẹ́ ẹ bá rí ìlà méjì mẹ́ta tó dùbúlẹ̀ lórí ara wọn, páláíwúdù ni, bó ti wù kí wọ́n kọ spruce tó sára ìwé ẹ̀.

Àwọn orúkọ tẹ́ ẹ máa bá pàdé

Ní ìsàlẹ̀ pátápátá, àwọn tí kò lórúkọ tàbí tórúkọ wọn ń yí bí olùtà ṣe ń yí, A ni wọ́n jù, páláíwúdù ni, Rogue RM-100A tó gbajúmọ̀ l'Amẹ́ríkà fún olówó kékeré náà wà nínú ẹgbẹ́ yìí. Kò sóhun tó burú nínú wọn tí ọrùn wọn bá gún, àmọ́ ẹ má retí pé ẹ máa yọ ọ́ nínú páálí kó ṣeé ta lójú ẹsẹ̀, okùn wọn máa ń ga. Ibanez M510 gòkè jù wọ́n lọ díẹ̀, A ni, ihò f, kọ́kọ́ ẹ̀ sì máa ń dúró. Kentucky KM-150 ni mo fẹ́ràn jù fún ẹni tó lè fi sùúrù tọ́jú owó, A ni, ihò f, ojú spruce gidi tí wọ́n gbẹ́, owó ẹ̀ wà láàárín ti Ibanez àti ti Eastman. MD305 tí mo ti dárúkọ ló kẹ́yìn, ẹni tó bá ra ìyẹn lè má nílò òmíì fún ọ̀pọ̀ ọdún, ṣùgbọ́n ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ tí kò mọ̀ bóyá á ṣì fẹ́ràn ẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀, kí ló ń sáré bá? Náírà ò ní jẹ́ n kọ iye síbí, ohun tí mo bá kọ lónìí lè di irọ́ lọ́la, ẹ fi dọ́là ọjọ́ náà ṣírò kẹ́ ẹ sì fi owó ọkọ̀ lé e.

Kentucky àti Eastman, ẹni tó ń bọ̀ láti Amẹ́ríkà tàbí London lẹ máa bẹ̀ jù. Àwọn ti ìsàlẹ̀ lẹ máa rí ní Mushin l'Ékòó tàbí lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ní Òṣogbo níbí, ṣọ́ọ̀bù tó ń ta gìtá àti kíbọ́ọ̀dù wà, máńdólínì ni kì í sábà sí lórí àtẹ wọn, ẹ máa ní láti ní kí wọ́n bá yín béèrè.

Tuntun àbí tòkunbọ̀, ohun tẹ́ ẹ máa yẹ̀ wò

Tòkunbọ̀ tó gún dára ju tuntun tí ò lórúkọ lọ, owó kan náà. Àmọ́ ẹ má rà á láìfọwọ́ kàn án. Ẹ gbé e sókè bí ẹni fẹ́ yìnbọn, ẹ fi ojú kan wo ọrùn ẹ̀ láti ìdí lọ sórí: ó gbọ́dọ̀ gún, tó bá tẹ̀ bọ̀ síwájú díẹ̀ pẹ́ẹ́ kò burú, tó bá lọ́ bí aṣọ tí wọ́n fún, ẹ gbé e kalẹ̀. Ẹ bèèrè bóyá irin wà nínú ọrùn tó ṣeé fi kọ́kọ́rọ́ yí, torí ìyẹn ni wọ́n fi ń tún títẹ̀ díẹ̀ ṣe. Ẹ wo ojú ẹ̀ lábẹ́ bíríìjì bóyá ó ti jìn wọlé. Lẹ́yìn náà ẹ mú káàdì ATM méjì, ẹ pa wọ́n pọ̀, ẹ tì wọ́n sábẹ́ okùn lórí fret 12. Méjì yẹn nípọn tó mìlímítà 1.5, ibi tó yẹ kí okùn wà nìyẹn tàbí kó fi díẹ̀ jù ú lọ. Tí káàdì mẹ́ta bá wọlé láì kan okùn, ó ga jù, ẹni tó bá fi ìyẹn kọ́ṣẹ́ máa ju máńdólínì sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì láìpẹ́, á sì ní ìka òun ni kò dáa.

Gíga yẹn ò ní kẹ́ ẹ má rà á o, táyà kéékèèké méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bíríìjì lẹ máa yí kó lè rọlẹ̀, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni. Èyí tó le ni ti orí ọrùn, egungun kékeré tí okùn gba ihò ẹ̀ kọjá kó tó dé kọ́kọ́. Ẹ tẹ okùn láàárín fret 2 àti 3, kẹ́ ẹ wo fret 1: àyè tó wà láàárín okùn àti ẹ̀ kò yẹ kó ju fọ́nrán irun lọ. Tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n máa fi fáìlì tín-ín-rín gbẹ́ ihò yẹn jìn sí i, iṣẹ́ ẹni tó ń tún gìtá ṣe sì ni, ẹ má gbé e fún ẹni tó ń rọ ilẹ̀kùn. Owó tẹ́ ẹ san fún un ló máa wúlò jù nínú gbogbo owó tẹ́ ẹ ná, A páláíwúdù tí wọ́n tún ṣe báyìí á rọrùn-ún ta ju F tó wọ́n ní ìlọ́po méjì tí wọ́n kàn yọ nínú páálí.

Ní ti èyí tó ní wáyà sí ẹ̀rọ tó ń gbóhùn jáde, ẹ fi owó yẹn pamọ́, máíkì tí wọ́n gbé sí iwájú ihò ń ṣe é.

Okùn, níbi tí wọn ò ti ń ta okùn

Ibí ni ẹni tó ń gbé Òṣogbo gbọ́dọ̀ fọgbọ́n ṣe é. Okùn máńdólínì tòótọ́ ní òrùka lẹ́nu, ti D'Addario tó fúyẹ́ ni EJ73, bó ṣe nípọn tó jẹ́ 10, 14, 24, 38 (ìdá ẹgbẹ̀rún ínǹṣì ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n), èyí tó le díẹ̀ ni EJ74, tó bẹ̀rẹ̀ láti 11 tó parí sí 40. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ, kó gba ti 10 yẹn. Ẹ ra tó méjì lẹ́ẹ̀kan náà nígbàkígbà tẹ́ ẹ bá rí i. Tí okùn bá já tí kò sí, ẹ lọ ra okùn gìtá tó fúyẹ́ jù, èyí tó jẹ́ 10 sí 47, páálí méjì. Nínú páálí kọ̀ọ̀kan ẹ máa rí 10, 14, 23 àti 39, ẹ wò ó bó ṣe sún mọ́ ti máńdólínì tó, 30 àti 47 ló máa ṣẹ́kù fún ọ̀rẹ́ yín tó ń ta gìtá. Bọ́ọ̀lù kékeré tó wà lẹ́nu okùn gìtá ni kì í jẹ́ kó wọ ìdí máńdólínì kan, ẹ fi páláyà tẹ bọ́ọ̀lù yẹn díẹ̀díẹ̀ títí á fi jáde, òrùka tó wà láyìíká ẹ̀ ló máa kù, òun náà lẹ máa fi kọ́. Ẹ wọ awò ojú o, irin ni.

Tó bá jẹ́ pé wéébìlì ni wọ́n fi fi ránṣẹ́ láti Èkó, ẹ sọ fún ẹni tó ń tà pé kó dẹ okùn díẹ̀, kó má yọ ọ́, torí wọn kì í fi gọ́ọ̀mù lẹ bíríìjì máńdólínì, okùn tó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ nìkan ló gbé e dúró. Tẹ́ ẹ bá ṣí àpótí ní gáréèjì tẹ́ ẹ rí bíríìjì tó ti ṣubú, kò bàjẹ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé gọ́ọ̀mù sún mọ́ ọn. Ẹ wọn láti egungun orí ọrùn dé fret 12, iye kan náà ni kẹ́ ẹ wọ̀n láti fret 12 lọ sí ìsàlẹ̀, ibẹ̀ ni bíríìjì máa dúró, kẹ́ ẹ wá fa okùn díẹ̀díẹ̀, G méjèèjì àti E méjèèjì kọ́kọ́, kó lè dúró déédéé. Kẹ́ ẹ wá ṣí túnà tó wà lórí fóònù, èyí tó ń sọ bí ohùn okùn ṣe ga tó, ẹ fọwọ́ kan okùn fẹ́ẹ́rẹ́ lórí fret 12 kó dún, ẹ tún tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ níbẹ̀ kó dún: tí ti títẹ̀ bá ga ju ti fẹ́ẹ́rẹ́ lọ, ẹ sún bíríìjì sẹ́yìn síhà ìdí, tó bá rẹlẹ̀, ẹ sún un síwájú síhà ọrùn, títí méjèèjì á fi bára mu.